Bọ́tìnnì mẹ́fà

Aṣọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, bọ́tìnnì mẹ́fà ló ní níwájú. Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, fúnra wọn ló rán an, ó tó ọdún mẹ́ta kí àìsàn rọpárọsẹ̀ tó dé. Télọ̀ ni wọ́n, ọdún 22 ni wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì ti gán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ aláṣọ débi pé wọ́n lè máa wo ojú ẹ, kí wọ́n máa bá ẹ ṣàwàdà, ọwọ́ wọn á máa bá iṣẹ́ lọ láìwo abẹ́rẹ́. Ẹ wá rò ó wò, irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, kò lè de bọ́tìnnì aṣọ tó wà lọ́rùn ara ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé gbogbo ìgbà tí èèyàn bá bi mí pé báwo ni Àǹtí ṣe ṣe é tí wọ́n fi padà dìde, èsì tí wọ́n ń retí kọ́ ni mo ní. Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé ọkàn Àǹtí le bí òkúta, pé wọn kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rètí nù. Irọ́ ni jàre. Àǹtí mi sọ̀rètí nù dáadáa, ojú mi ló ṣe. Nǹkan tó gbé wọn dìde yàtọ̀ síyẹn, nǹkan tó sì dá wọn dúró fún oṣù bíi mẹ́ta, èmi wà lára ẹ̀, ẹ jẹ́ n tò ó bó ṣe lọ.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kò sí nǹkan kan. Wọ́n parí aṣọ oníbàárà kan, wọ́n lọ sùn ní aago 11. Aago 6 àárọ̀ ni ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún 9 ni nígbà yẹn, pè mí lórí fóònù pé Mọ́mì òun ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan wà lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, apá ọ̀tún ẹnu wọn ti wọ́, ọwọ́ ọ̀tún ò ṣeé gbé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, àwọn náà tún wá ń bá mi jiyàn, wọ́n ní kí n má pariwo, pé àwọn sùn lé ọwọ́ náà lórí ni, pé ó máa tó jí.

Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n ya àwòrán orí wọn lọ́sibítù, ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá òsì ọpọlọ, apá òsì ọpọlọ ló sì ń darí apá ọ̀tún ara. (Ẹ̀yà kejì ni èyí tí iṣan fi máa ń bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ á dà sínú orí, oògùn tó ń gba ti àkọ́kọ́ là lè pa ti èkejì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán ná kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun.) Oògùn kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn, àmọ́ wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni àyè ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago láti ìgbà tí èèyàn jí o, ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn tára ẹ̀ ṣì dá ni wọ́n ń kà á sí. Ti Àǹtí, aago 11 alẹ́ ni. Àyè ti lọ. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, 190 lórí 115, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn ti pa oògùn tì láti bí oṣù mélòó kan torí pé ara ò ṣe àwọn ní nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, ibẹ̀ gan-an ló ti burú.

Ọjọ́ 19 la lò lọ́sibítù. N ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá ti dúró ti èèyàn ní wọ́ọ̀dù rí ti mọ̀ bó ṣe ń rí.

Ilé la ti bẹ̀rẹ̀ àṣìṣe. A nífẹ̀ẹ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kò sẹ́ni tó fẹ́ ibi fún wọn, àmọ́ a pín iṣẹ́ láàárín ara wa bíi ti sójà: ẹni tó máa wẹ̀ fún wọn, ẹni tó máa fún wọn lóúnjẹ, ẹni tó máa gbé wọn lọ sí tọ́íléètì, èmi tí mo jẹ́ àbúrò wọn obìnrin, èmi ni mo ń wọṣọ fún wọn láràárọ̀. Bọ́tìnnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Tí wọ́n bá ti gbé ọwọ́ díẹ̀ pé àwọn fẹ́ gbìyànjú, màá ní "ẹ fi sílẹ̀ Àǹtí mi, ẹ má dara yín láàmú", màá ti dè é tán. Inú mi máa ń dùn sí ara mi lẹ́yìn ẹ̀, mo rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọwọ́ tó rọ yẹn náà la máa ń fà tí a bá fẹ́ gbé wọn nílẹ̀, a ò mọ̀ pé iṣan tó di èjìká mú ti dẹ̀, pé fífà yẹn lè mú egungun yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀. Oṣù kan gbáko ni èjìká yẹn fi ro wọ́n, àwa la fọwọ́ ara wa fà á.

Àwọn nǹkan míì tún ń ṣẹlẹ̀ tẹ́nì kankan ò kìlọ̀ ẹ̀ fún wa. Wọ́n á ṣàdédé bú sẹ́kún níbi tí kò sí nǹkan tó ń pani lẹ́kún. Wọ́n á rẹ́rìn-ín níbi tí èèyàn ti wá kẹ́dùn, ẹni yẹn á máa wò wá bíi kó bi wá pé ṣé orí Àǹtí ṣì pé. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé pé rọpárọsẹ̀ lè ba ibi tó ń kó ẹkún àti ẹ̀rín níjàánu lára ọpọlọ jẹ́, ó lè jáde láìjẹ́ pé ọkàn rán an níṣẹ́. Ká ní a ti mọ̀ ni, à bá má fi wọ́n pamọ́ sínú yàrá fún àlejò. Torí ohun tá a ṣe nìyẹn, a fi wọ́n pamọ́.

Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, wọn ò bèèrè nǹkan kan mọ́. Tá a bá gbé wọn jókòó, wọ́n á jókòó. Tá a bá ní kí wọ́n sùn, wọ́n á yíjú sí ògiri. Àwọn tó ń wá kí wọn ń sọ pé "ẹ ṣara gírí", "ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí ẹ wà", Àǹtí á ní ẹ ṣé, tí àlejò bá lọ tán wọ́n á sọ fún mi pé gbogbo àwọn tó ń ní káwọn ṣara gírí yìí, kò sẹ́ni tó sọ ohun táwọn máa fi gírí náà ṣe nínú wọn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi, òun gan-an ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí.

Dókítà fún wọn ní ìwé kan tó ní ìbéèrè mẹ́sàn-án, nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, bí oorun ṣe rí, bí oúnjẹ ṣe ń wọlé, bóyá wọ́n ti rò ó pé ó sàn káwọn kú. Àǹtí fi ọwọ́ òsì fa ìlà sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn pé ọjọ́ mélòó kan. Mo jókòó tì wọ́n, omi bọ́ lójú mi. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, pé nínú èèyàn mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù, bí ẹnì kan ló máa ń ní in, pé àìsàn ni bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe jẹ́ àìsàn, wọ́n fún wọn lóògùn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa rí ẹni tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n lo oògùn yẹn. N ò fẹ́ kẹ́nì kankan ka ìtàn yìí kó wá rò pé bọ́tìnnì ló wo ìrẹ̀wẹ̀sì sàn.

Oṣù kẹrin ni físíò tuntun dé (físíò ni ẹni tó ń kọ́ ara tó rọ bó ṣe máa ṣiṣẹ́ padà), ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo aṣọ lọ́rùn Àǹtí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ta ló de bọ́tìnnì yín?" Kí Àǹtí tó fèsì mo ti ní èmi ni, tayọ̀tayọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé mà. Láti ọ̀la, ẹ má dè é mọ́." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Inú bí mi, ẹ ò lè mọ bí inú ṣe bí mi tó.

Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Edward Taub, tó fi ọ̀bọ ṣe ìwádìí nígbà kan. Wọ́n gé àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ọ̀bọ mọ nǹkan lára ní apá kan, àmọ́ wọn ò fọwọ́ kan àwọn èyí tó ń jẹ́ kí apá gbéra. Síbẹ̀ ọ̀bọ náà ò lo apá yẹn mọ́. Wọ́n wá de apá tó dáa mọ́ ọn lára fún ọjọ́ mélòó kan, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tó ti pa tì yẹn mú nǹkan. Ohun tí Taub rí ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù, apá yẹn ò lè ṣe nǹkan kan lóòótọ́, ọ̀bọ á gbìyànjú, á ṣubú, á tún gbìyànjú, oúnjẹ á bọ́, bó ṣe kọ́ nìyẹn pé èyí ò ṣeé lò. Ìgbà tí apá wá ti ń lágbára padà, ọ̀bọ ò sí nídìí ẹ̀ mọ́, kò gbìyànjú mọ́, kò lè mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Àǹtí tí kì í sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ní, "Èmi wá ni ọ̀bọ." Físíò náà fẹ́ bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kó má bẹ̀bẹ̀, kó máa sọ̀rọ̀ lọ.

Ó kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ wò, bóyá wọ́n lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè díẹ̀, bóyá àtàǹpàkò àtàwọn ìka kan lè ṣí fúnra wọn, torí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò bá gbéra rárá, ìtọ́jú yìí kì í ṣe tiẹ̀. Ti Àǹtí gbéra díẹ̀. Ó wá mú ìbọ̀wọ́ ńlá kan wá, èyí tó nípọn tí ìka kankan ò lè ríṣẹ́ ṣe nínú ẹ̀, ó ní ọwọ́ òsì, ọwọ́ tó dáa, ni wọ́n máa wọ̀ ọ́ sí, fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ jù lọ wákàtí tójú wọn bá fi ń là, àfi tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ tàbí tí wọ́n bá ń rìn níbi tí wọ́n ti lè ṣubú. Wọ́n dán an wò lára èèyàn 222 ní Amẹ́ríkà, àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2006, ọwọ́ àwọn tó wọ ìbọ̀wọ́ ṣiṣẹ́ ju tàwọn tí wọ́n kàn tọ́jú bí wọ́n ṣe ń tọ́jú tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tó sì pé ọdún kan ó ṣì hàn. Mo ní ṣé kì í ṣe ìyà nìyí. Ó ní ẹ bi wọ́n. Àǹtí na ọwọ́ òsì sí i.

Ọjọ́ kìíní, bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 17. Mo mọ̀ torí mo jókòó lórí ọwọ́ ara mi, mò ń wo aago. Físíò ti kọ́ wọn pé ọwọ́ tó rọ ló ń kọ́kọ́ wọ inú aṣọ, òun náà ló ń jáde kẹ́yìn, èèyàn tó gbọ́n ni mo ka ara mi sí àmọ́ oṣù mẹ́ta gbáko ni mo ti ń ṣe òdìkejì ẹ̀. Wọ́n làágùn. Wọ́n ṣépè fún bọ́tìnnì, wọ́n ṣépè fún télọ̀ tó rán ihò bọ́tìnnì báyìí, àwa méjèèjì wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ti àìsàn. Ó dáa, mi ò ní purọ́, ọjọ́ kejì àti ìkẹta kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrin wọ́n ju ìbọ̀wọ́ mọ́ mi. Ẹ má dán irú èyí wò láìsí físíò ńlé o, iṣẹ́ wákàtí mélòó kan lójúmọ́ ló so mọ́ ọn, wọ́n ń ka iye ìgbà, wọ́n ń yí iṣẹ́ padà bọ́wọ́ bá ṣe ń le sí i.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni nǹkan tí mo ka sí pàtàkì jù ṣẹlẹ̀, n ò sì sí nílé. Etí aṣọ ilé ìwé ọmọ yẹn tú. Ó gbé e lọ bá màmá ẹ̀ pé ọ̀la lòun máa wọ̀ ọ́. Àǹtí ní kó dúró de èmi. Ọmọ ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Àǹtí kékeré ò mọ aṣọ rán." (Òótọ́ ni, ẹ má dá a lẹ́bi.) Ọmọ náà ò ní kí wọ́n ṣara gírí. Kò ṣàánú wọn rárá, kò tiẹ̀ rántí pé ó yẹ kóun ṣàánú, aṣọ ẹ̀ ló tú, màmá ẹ̀ sì ni télọ̀, ó tán. Ó bá wọn wọ òwú sínú abẹ́rẹ́, Àǹtí fi ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lórí itan, wọ́n fi àtàǹpàkò ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ ìka di abẹ́rẹ́ mú. Abẹ́rẹ́ bọ́ títí, ọmọ ń ṣà á. Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti gún un nígbà 14, ó wọ́ bí ọ̀nà ejò, etí aṣọ ò sì já. Àǹtí ò gbé ojú sókè wò mí. Wọ́n ní kí n gbé iná sún mọ́ àwọn.

Ọmọ yẹn wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé. Láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí ló ń jí mi láàárọ̀.

Mo ronú lórí ẹ̀ gan-an, mo wá rántí ìwádìí kan tí mo ti kà nípa ẹ̀ tipẹ́. Obìnrin kan, Emmy Werner, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ̀lé ọmọ 698 tí wọ́n bí lọ́dún 1955 ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, títí àwọn ọmọ náà fi di ẹni 40 ọdún. Àwọn kan nínú wọn, ìyà lóríṣiríṣi ló bá wọn láti kékeré, ìṣẹ́, ìjà òbí, àìsàn ọpọlọ nínú ilé. Nínú àwọn oníyà yìí, bí ìdá kan nínú mẹ́ta dàgbà di èèyàn tó dáńtọ́, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́ràn èèyàn. Wọ́n ní ó kéré tán ẹnì kan tó dúró tì wọ́n, ìyẹn lohun táwọn èèyàn máa ń tún sọ jù. Èyí tí wọn kì í tún sọ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló níṣẹ́ tí ilé gbára lé wọn fún, bíi títọ́jú àbúrò, iṣẹ́ tó jẹ́ pé tí wọn ò bá ṣe é kò ní ṣeé ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé ìyà tún nìyẹn. Àwa ńkọ́, gbogbo iṣẹ́ la gbà kúrò lọ́wọ́ Àǹtí, a fi ìfẹ́ dípò ẹ̀, a wá ń retí kí wọ́n lágbára. Wọ́n sọ fún mi kẹ̀, pé kò sẹ́ni tó sọ ohun táwọn máa fi gírí náà ṣe.

Kò wá dùn bí oyin láti ìgbà yẹn o. Oṣù kẹfà wọ́n ṣubú ní bálùwẹ̀, ọwọ́ òsì, èyí tó dáa, ló wú, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ tó dáa, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fẹ́ rí ojú abẹ́rẹ́. A fi irin ìdìmú sí ara ògiri, a kó gbogbo rọ́ọ̀gì tó lè gbéni ṣubú kúrò nílẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni pé mo ti kọ́ ọgbọ́n, n ò gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn. Mo kàn ń kó aṣọ ọmọ tí bọ́tìnnì ẹ̀ ti já síbi tí wọ́n ti máa rí i. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bá ọ̀kan nínú ẹ̀ lórí àga, wọ́n ti gán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Wọ́n fi òwú tí àwọ̀ ẹ̀ ò bá aṣọ mu gán an, n ò sọ nǹkan kan.

Ó ti pé oṣù 14 báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún ò tíì pé, mi ò sì rò pé ó máa pé bíi tàtijọ́, àwọn náà mọ̀. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n tó bá ti di ọ̀sán, àárẹ̀ tí oorun ò lè gbà kúrò, ìyẹn náà wà lára àìsàn yẹn. Wọ́n ti padà sídìí máṣíìnì, àmọ́ wọn kì í gba iṣẹ́ kánjúkánjú mọ́, ọwọ́ òsì ló ń darí aṣọ, ọ̀tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà máa ń ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Àǹtí ní ẹni tó pa òwe yẹn ì bá kọ́kọ́ rán aṣọ wò ná. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kì í pa á jẹ mọ́, ọmọ yẹn ló ń kà á sínú ìwé.

Àárọ̀ àná a fẹ́ lọ sọ́sibítù fún àyẹ̀wò, a sì ti ń pẹ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì, mo ń wo aago, wọ́n wà lórí bọ́tìnnì karùn-ún. Èyí tó wà lọ́rùn ló máa ń da wọ́n láàmú jù. N ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo ti sún mọ́ wọn, tí mo ti na ọwọ́.

"Gbé ọwọ́ ẹ sẹ́yìn," wọ́n ní, wọn ò wojú mi.

Mo gbé e sẹ́yìn. A pẹ́ dé ọsibítù.